Àlàfo Inú Irinwó Òrùka

Aago méjì. Àǹtí ní aago méjì. "Tó bá fi máa di aago méjì, màá ti fún wọn ní lẹ́tà yẹn nílé ìwé, ọ̀rọ̀ á sì tán nílẹ̀." Bó ṣe sọ ọ́ nìyẹn láàárọ̀, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, bí ẹni tó fẹ́ lọ da omi ìfọṣọ nù. Ọ̀rọ̀ á tán nílẹ̀... Ọ̀rọ̀ wo? Aago méjìlá ku ogún ìṣẹ́jú nìyí. Fóònù oníbàárà kan wà níwájú mi, mo ti tú u palẹ̀, mi ò sì rántí ohun tó ń ṣe é mọ́. Ṣé kò gbaná ni? Àbí kì í gbé ohùn jáde? Ìyá tó gbé e wá ṣàlàyé, mo mirí, mo ní ẹ padà wá tó bá dìrọ̀lẹ́, mà. Mi ò gbọ́ nǹkan kan nínú ohun tí ìyá yẹn sọ.

Lẹ́tà náà wà nínú fáìlì búlúù, lórí tẹlifíṣọ̀n nílé. Mo ti kà á. Ìlà mẹ́rin péré. Pé òun, Lateefah Múrítàlá, fẹ́ fi ẹ̀kọ́ òun sílẹ̀. Pé iṣẹ́ ìwádìí òun ò yọrí sí ibi tó yẹ. Pé àṣìṣe ìṣirò ni, ti òun sì ni àṣìṣe náà. Ti òun. Ọdún méjì ààbọ̀ ni ẹ̀gbọ́n mi fi ṣe Másítàsì yìí, ìlà mẹ́rin ló fẹ́ fi pa á rẹ́.

Ìṣirò ẹ̀ ò ṣìnà.

Èmi ni. Èmi Afeez. Ọwọ́ mi méjèèjì tó wà lórí tábìlì yìí ni.

Ó dáa. Mo ti sọ ọ́. Inú orí ni mo ti sọ ọ́ ṣá, inú orí ò nira, inú orí kò sẹ́ni tó máa wojú ẹ... Ṣé mi ò lè sọ ọ́ báyìí lórí fóònù? "Àǹtí, ẹ má mú lẹ́tà yẹn lọ." Gbólóhùn kan. Kò tó bí èèyàn ṣe ń pe oníkẹ̀kẹ́ kó dúró. Mo ti gbé fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti àárọ̀. Mo tẹ orúkọ ẹ̀, mo tún pa á. Ó ní ara òun ò yá, bóyá ó sùn. Ara ẹ̀ ò yá lóòótọ́. Ara ẹ̀ ń gbóná láti ọjọ́ Túsìdeè tó ti dé, Màámi ní ibà ni, èmi ni mo lọ ra oògùn.

Má wò ó. Bọ́ọ̀dù yẹn. Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ tó wà lẹ́bàá orúnkún mi, ó fi síkáàfù ẹ̀ aláwọ̀ eérú wé e. Láti àná tó ti gbé e wá ni orúnkún mi ò ti kan dúrọ́ọ̀ yẹn. Bí ẹni tó jókòó ti ajá.

Tí ẹnì kan bá bi mí pé kí ni nǹkan yẹn, mo lè ṣàlàyé ẹ̀ báyìí. Báyìí tó ti bàjẹ́ tán! Pákó pẹlẹbẹ ni, irú bọ́ọ̀dù tó ń bẹ nínú fóònù, àmọ́ ó fẹ̀ tó àtẹ tíì. Kọ́pà bo gbogbo ẹ̀yìn ẹ̀, kò ku ibì kankan. Ojú ẹ̀, òrùka kọ́pà wẹ́wẹ́ ni, ogún níbùú, ogún lóròó. Irinwó. Òrùka kan ò ju èékánná ọmọńdinrín lọ. Ó ní orúkọ gígùn kan tí wọ́n ń pè é nílé ìwé wọn, mẹtamatíríà, ó ní ohun tó túmọ̀ sí ni nǹkan téèyàn fọwọ́ ara ẹ̀ tò, tó wá ń ṣe ohun tí igi tàbí irin lásán ò lè ṣe.

"Afẹ́fẹ́ yìí kún, Afeez." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn, níbi tí àwọn oníbàárà ń jókòó sí, ó ń jẹ gúgúrú. "Ìgbì nẹ́tíwọ̀ọ̀kì, ìgbì rédíò, ti Wáífáì, gbogbo wọn ló ń gba ara wa kọjá báyìí. Tí ìgbì bá kan irin, á ta padà bí i bọ́ọ̀lù. Tó bá kan pákó lásán, á gba inú ẹ̀ lọ. Èmi wá ń wá nǹkan tí ò ní í dá a padà, tí ò sì ní í jẹ́ kó kọjá."

Mo ní kí ni nǹkan ọ̀hún máa wá fi í ṣe?

"Á gbé e mì."

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ṣé bí ẹ̀yin ṣe ń gbé gúgúrú mi mì yìí? Ó ju gúgúrú kan lù mí. Mo ní tó bá ti gbé e mì tán ńkọ́, níbo ló máa ń lọ?

"Á di ooru nínú ẹ̀. Nǹkan kì í ṣègbé. Ohun tó bá wọlé tí ò jáde, ooru ló máa dà."

Ó fẹ́ kí wọ́n máa fi bo ògiri yàrá àwọn ọmọ ìkókó tí oṣù wọn ò pé nílé ìwòsàn, kí fóònù àwọn èèyàn má baà máa da ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ èémí wọn láàmú. Nǹkan tó fẹ́ ṣe nìyẹn o. Ọmọ tó tó ìgò omi. Ìyẹn ni mo...

Kì í ṣe pé mo mọ̀ọ́mọ̀. Mi ò mọ̀. Wallahi mi ò mọ̀.

Ó ṣàlàyé òrùka yẹn fún mi. Ó ṣàlàyé ẹ̀. Ó ní òrùka yẹn ló máa tan ìgbì jẹ. Ìgbì á dé ibẹ̀, á rò pé afẹ́fẹ́ lásán ló ṣì wà níwájú òun, á wọlé láìdúró. Kọ́pà ẹ̀yìn á dínà fún un. Kò ní í ríbi padà, kò ní í ríbi lọ, á wá máa yí nínú ilé náà, á máa yí, á máa yí, títí agbára ẹ̀ á fi tán. Ó ń fi ìka ya òbírí sórí ekuru dúdú tó bà sórí tábìlì, èéfín ìlú Pọ́tà Hákọ́ọ̀tù yìí tí kì í jẹ́ kí nǹkan mọ́. Ó ya òbírí kan, ó wá ṣe nǹkan kan lórí ẹ̀, ó fìka nu ibì kan nù...

Ó nu ibì kan nù. Mo rí i. Mo rí ìka ẹ̀ tó nu ibẹ̀ nù.

"Ṣé ó yé ẹ?"

"Ó yé mi, Àǹtí."

Irọ́. Ìdajì ló yé mi. Ìdajì kejì, mo ń wò ó bó ṣe ń sọ̀rọ̀, inú mi ń dùn pé èmi ló ń bá sọ ọ́. Gbogbo ilé ìwé gíga tó kún fún àwọn tó mọ̀wé, èmi tí mo jáde ní SS2 ló jókòó tì. Tí mo bá ní kò yé mi, á tún un sọ. Á tún un sọ pẹ̀lú ohùn kan báyìí, ohùn tí wọ́n fi ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. Kò tíì lo ohùn yẹn fún mi rí o. Mi ò kàn fẹ́ kó bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí Bàbá kú, òun ló ní òun máa fi ilé ìwé sílẹ̀. Ó ti gbé àpótí ẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà, ó ní òun á lọ ran Màámi lọ́wọ́ níbi tí wọ́n ti ń ta aṣọ. Èmi ni mo ní rárá. Mo ní ìwé ò wọ èmi lórí, ṣebí ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìwé ò wọ̀ mí lórí. Irọ́ nìyẹn náà. Ó wọ̀ mí lórí díẹ̀. Mo gba ipò kẹrin ní táàmù yẹn. Mo fi káàdì èsì ìdánwò yẹn pamọ́ sínú bàtà Bàbá, kò sẹ́ni tó rí i títí dòní. Àmọ́ téèyàn bá sọ irọ́ kan fún ọdún méje, irọ́ yẹn á ti gbilẹ̀, á ti bímọ... Lónìí ìwé ò wọ̀ mí lórí mọ́.

Lójú ẹ̀, "ẹ" ni mo ń pè é, torí ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni wá, bí a tilẹ̀ ń fi Pidgin lá àlá. Nínú orí mi, èmi àti ẹ̀ ṣì ń jà sí ẹran orí oúnjẹ.

Rántí bó ṣe lọ. Rántí ẹ̀ dáadáa, bóyá ibì kan wà tí kì í ṣe ẹ̀bi ẹ. Ó ní kí n bá òun ṣe bọ́ọ̀dù náà, ó tẹ àwòrán àwọn òrùka yẹn sórí bébà. Mo fi áyọ́ọ̀nù Màámi lọ̀ ọ́ mọ́ ojú kọ́pà, mo rẹ ẹ́ sínú omi, bébà bó, dúdú ẹ̀ ṣẹ́ kù sórí kọ́pà. Mo gbé e sínú abọ́ ásíìdì kí ásíìdì jẹ gbogbo ibi tí dúdú ò sí. Títí dé ibẹ̀, kò sí àṣìṣe. Ásíìdì yẹn ló gba ojú. Téèyàn bá gbàgbé ẹ̀ síbẹ̀, á jẹ ìlà tín-ín-rín já. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí. Ọjọ́ yẹn sì rèé, oníbàárà kan dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Isiokpo tí fóònù ẹ̀ jábọ́ sínú gààrí, ó ń pariwo, mo dá a lóhùn, mo padà. Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Bóyá mẹ́rin.

Mo fọ̀ ọ́, mo gbé e sábẹ́ awò ńlá ọ̀gá mi, èyí tó ń mú nǹkan tóbi. Mo wo òrùka àkọ́kọ́. Ó ti já.

Lókè ẹ̀, ibì kan ṣí sílẹ̀, kò fẹ̀ ju irun orí méjì mẹ́ta lọ. Mo wo ìkejì. Ó ti já. Ìkẹta. Mo wò wọ́n lọ báyìí, àyà mi ń já bí òrùka ṣe ń já. Mo ní mo ti bà á jẹ́. Ìṣẹ́jú mẹ́rin péré, mo ti ba iṣẹ́ ọdún méjì jẹ́.

Ọdún mẹ́rin ni mo fi kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Ọ̀gá Tamunotonye. Ohun tó kọ́kọ́ kọ́ mi, tó ń kọ́ mi títí dòní: "Any line wey cut, you join am. Nobody dey thank you for line wey cut." Ìlà tó já ni àìsàn, ká so ó pọ̀ ni ìwòsàn. Mi ò mọ ẹ̀kọ́ mìíràn. Ta ló máa rí òrùka tó já tí ò ní í so ó pọ̀?

Ásíìdì wo ló ń jẹ irinwó òrùka lójú kan náà?

Dákẹ́.

Mo bi ara mi nígbà yẹn. Ìyẹn gan-an ló ń... Mo bi ara mi. Mo dá ọwọ́ dúró. Ásíìdì kì í wọn nǹkan kó tó jẹ ẹ́. Tó bá fẹ́ jẹ nǹkan jẹ, á jẹ ọ̀tún, á jẹ òsì, á dá òmíì sí. Àwọn wọ̀nyí, òkè náà ni gbogbo wọn ti já, ìwọ̀n kan náà, bí ilẹ̀kùn ilé tí ẹnì kan kọ́ sójú kan. Fóònù wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ ẹ̀ wà lójú fóònù. Mo kàn máa ní, "Àǹtí, òrùka yìí, ṣé ó yẹ kó ṣí lókè?" Á ní bẹ́ẹ̀ ni, òpònú, ṣebí mo sọ fún ẹ. A ò bá rẹ́rìn-ín.

Àmọ́ mo ti sọ pé ó yé mi.

Bí mi ò ṣe pè é nìyẹn. Ìyẹn nìkan. Kò sí ìdí mìíràn, bí mo ṣe ń wá a láti ọjọ́ mẹ́ta yìí, kò sí.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi so wọ́n. Irinwó. Lẹ́ẹ̀dì tí a ń yọ́ láti so ìlà, èyí tó tín-ín-rín jù lọ ní ṣọ́ọ̀bù, àti áyọ́ọ̀nù tí a fi ń yọ́ ọ, ẹnu ẹ̀ rí bí abẹ́rẹ́. Ọrùn mi gan. Mo ń di èémí mú lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Mi ò ṣe iṣẹ́ tó mọ́ tó bẹ́ẹ̀ rí láyé mi. Kí ojú àpá má baà hàn, mo fi ọ̀dà aláwọ̀ ewé, èyí tí a fi ń bo ìlà inú fóònù, bo ojú ẹ̀ látòkè délẹ̀, mo gbé e sábẹ́ iná àlùkò kó gan. Ó ń dán. Ó dà bí nǹkan tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ já kúrò nínú páálí láti òkè òkun.

Ó gbé e lọ́wọ́ méjèèjì. Ó yí i sọ́tùn-ún sósì. "Afeez, wo ọwọ́ ẹ." Ohun tó sọ nìyẹn. "Wo ọwọ́ ẹ, jàre." Ó wá bi mí léèrè ọ̀dà yẹn, mo ní kó má baà dípẹtà ni. Ó ní o ṣeun. Mọ́tò òkè ọya ń lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ibẹ̀ ni ẹ̀rọ àyẹ̀wò wà, ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n fún un. Kò tilẹ̀ gbé e sábẹ́ awò. Ọwọ́ àbúrò òun ni, kí ló fẹ́ fi awò wò?

Dókítà Ilésanmí tó ń bójú tó iṣẹ́ ẹ̀ ti kìlọ̀ fún un. Àǹtí fúnra ẹ̀ ló wá sọ ọ́ nílé, ó fi ìka méjèèjì ṣe gíláàsì sójú, ó ki ohùn bọ imú bíi ti ọkùnrin yẹn: "Lateefah, ṣé ọmọ tó ń tún fóònù ṣe létí títì Rumuolumeni lo fẹ́ gbé iṣẹ́ yìí fún?" Màámi rẹ́rìn-ín títí. Mo ní kí lẹ wá sọ fún un? Ó ní, "Mo ní ọwọ́ ọmọ etí títì yẹn dá mi lójú ju ojú tèmi lọ, sà."

Ju ojú tèmi lọ.

Ọjọ́ Túsìdeè ló dé. Ìrọ̀lẹ́. Ó jókòó sórí àga pẹ̀lú híjáàbù lọ́rùn àti báàgì léjìká, bí ẹni tó fẹ́ tún jáde. Màámi ní báwo ni? Ó ní gbogbo ẹ̀ ló ta padà. "Gbogbo ẹ̀, Màámi. Kò gbé ẹyọ kan mì. Bíi dígí." Màámi di ọwọ́ ẹ̀ mú, wọ́n rí nǹkan aláwọ̀ ewé lábẹ́ èékánná àtàǹpàkò ẹ̀, wọ́n ní, "Àbí o ń rẹ́ ẹ̀fọ́ fún wọn nínú mọ́tò ni?" kí ó lè rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fa ọwọ́ ẹ̀ bọ inú híjáàbù. Màámi fọwọ́ kan ọrùn ẹ̀, wọ́n ní ara ọmọ yìí ń jó bí iná.

Nígbà yẹn, mi ò tíì mọ̀. Mo ń káàánú ẹ̀. Mo ń bínú sí ìṣirò.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló pe Dókítà. Mo wà ní kíṣìnì, mo ń se omi tíì ẹ̀, ó gbé fóònù sórí àga, ohùn ọkùnrin yẹn ń dún káàkiri ilé. Ó ní ẹ̀rọ àyẹ̀wò ò ní í láyè mọ́ títí di ọdún tó ń bọ̀, àsìkò tiẹ̀ sì ti tán. Ó wá ní, "Àfi tó bá jẹ́ pé pákó yẹn ló ní àbùkù. Tó bá jẹ́ àbùkù ọwọ́ ẹni tó ṣe é, mo lè kọ̀wé pé kí wọ́n fi àsìkò kún un fún ẹ. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ ìṣirò ẹ ló ṣìnà, kò sí ohun tí mo fẹ́ sọ fún wọn. Èwo ni nínú méjèèjì?"

Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Omi ti ń hó.

"Ìṣirò mi ni, sà. Pákó yẹn ò ní àbùkù. Ẹni tó ṣe é ṣe é dáadáa."

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ ní kíṣìnì. Ọlọ́run, mo rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ ò gbọ́, Dókítà? Ọmọ etí títì. Mo fi ṣúgà mẹ́ta sí tíì ẹ̀, mo gbé e lọ bá a ní yàrá. Ó ti lọ wẹ̀. Ìwé iṣẹ́ ẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. Òrùka kan ló wà níbẹ̀, ó yà á tóbi, ó kún ojú ìwé. Òkè ẹ̀ ṣí. Ó fi bírò pupa yí ibi tó ṣí yẹn po, ó kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀, lẹ́tà gàdàgbà: ibí ni gbogbo iṣẹ́ wà. Tí ibí bá dí, dígí lásán ni.

Tíì yẹn dà sí mi lẹ́sẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó gbóná.

Àlàfo ni. Kì í ṣe àìsàn. Ibi tó ṣí sílẹ̀ yẹn ni ìgbì ń kó jọ sí, ibẹ̀ ni òrùka fi ń gbọ́ ohùn ìgbì. Òrùka tó bá pé kò gbọ́ nǹkan kan. Irinwó etí, mo fi lẹ́ẹ̀dì dí gbogbo ẹ̀, mo sì kùn ún lọ́dà kó lè dán.

Ọjọ́rú nìyẹn. Mi ò sọ̀rọ̀. Mo ní jẹ́ kí ibà ẹ̀ kọ́kọ́ lọ. Ibà ò lọ. Àná, ó dìde pẹ̀lú ara gbígbóná yẹn, ó wọ kẹ̀kẹ́ wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó gbé bọ́ọ̀dù yẹn lé mi lọ́wọ́ nínú síkáàfù. "Jẹ́ kó wà lọ́dọ̀ ẹ." Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. Ó wò mí. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń kọjá níta, jẹnẹrétọ̀ alágbàfọ̀ ń ké. Ó ní, "Afeez, ṣé kò sí nǹkan tí o fẹ́ bá mi sọ?"

"Rárá, Àǹtí. Ẹ lọ lo oògùn yín."

Ó mirí. Ó mirí lẹ́ẹ̀mejì. Ó dìde, ó gbá ekuru kúrò lórí tábìlì mi pẹ̀lú etí híjáàbù ẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀rù kí ló ń bà mí? Pé á nà mí? Kò lè na eṣinṣin. Pé Dókítà yẹn á gbọ́, á ki ohùn bọ imú, á ní ṣebí mo wí? Bẹ́ẹ̀ ni. Ìyẹn. Pé Màámi á mọ̀. Pé ọwọ́ yìí, ohun kan ṣoṣo tí mo ní tó dáa... tí kì í bá ṣe ọwọ́ yìí, kí ni mo wá jẹ́? Ọmọ SS2. Àmọ́ òun, ó lè tún ibòmíràn bẹ̀rẹ̀, ó mọ̀wé, á ríṣẹ́... Gbọ́ ohun tí ò ń sọ. Gbọ́ ara ẹ, Afeez.

Wọ́n ti ń pe ìrun Jímọ̀. Ó ti lé ní aago kan? Aago kan ku díẹ̀. Mi ò lè dúró níwájú Ọlọ́run báyìí.

Bóyá tí mo bá tún un ṣe. Tí mo bá ha lẹ́ẹ̀dì yẹn kúrò. Mo lè ṣe mélòó kí aago méjì tó lù? Ogún? Kí ni ogún fẹ́ ṣe nínú irinwó? Àmọ́ tí mo bá gbé e lọ bá a, tí mo ní ẹ wò ó, mo ti bẹ̀rẹ̀... Ó dáa. Ṣí dúrọ́ọ̀. Ó kàn jẹ́ pákó ni, kò ní í gé ẹ jẹ. Síkáàfù yẹn ń rùn bí òróró tó ń fi sírun. Tú u. Nu èéfín kúrò lójú awò. Tan iná.

Aláwọ̀ ewé. Ó mọ́, ó dán, iṣẹ́ mi. Ìlà àkọ́kọ́. Ìlà kejì. Mo so wọ́n dáadáa, ojúlówó iṣẹ́. Ìlà kẹwàá. Ìlà kejìdínlógún. Mo kórìíra bó ṣe mọ́ tó. Ìlà ogún, èyí tó kẹ́yìn, igun ọ̀tún nísàlẹ̀...

Kí nìyí?

Ọ̀dà ti bó níbí. Òrùka kan. Ẹyọ kan. Ẹnì kan ti ha ọ̀dà òkè ẹ̀ kúrò. Réésà ni, mo mọ ojú réésà, ó ti yọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó ya ara pákó. Ọwọ́ tí ò mọ réésà lò ni. Ó ha ọ̀dà, ó rí lẹ́ẹ̀dì, ó ha lẹ́ẹ̀dì náà díẹ̀díẹ̀. Ó ti ṣí i. Àlàfo yẹn wà níbẹ̀, mo ń rí pákó láàárín ẹ̀. Ọ̀kan nínú irinwó.

Èmi kọ́. Mi ò ha nǹkan kan.

Kò sẹ́lòmíràn tó fọwọ́ kàn án.

Ewé. Lábẹ́ èékánná ẹ̀. Ọ̀dà aláwọ̀ ewé yẹn... "àbí o ń rẹ́ ẹ̀fọ́ fún wọn nínú mọ́tò ni?" Ó fa ọwọ́ ẹ̀ bọ inú híjáàbù. Ìrọ̀lẹ́ Túsìdeè nìyẹn. Kó tó pe Dókítà. Kó tó ní ìṣirò òun ni. Ó ti mọ̀. Láti òkè ọya ló ti mọ̀, ó jókòó nínú mọ́tò pẹ̀lú ẹ̀ lórí itan láti ibẹ̀ dé ibí, ó mọ̀. Ọkùnrin yẹn ṣílẹ̀kùn fún un, ó ní èwo ni nínú méjèèjì, tó bá jẹ́ ọwọ́ ẹni tó ṣe é, mo lè gbà ọ́ sílẹ̀. Ó pẹ́ kó tó dáhùn. Ó mọ̀ pé mo wà ní kíṣìnì.

Ẹni tó ṣe é ṣe é dáadáa.

Ìwé tó ṣí sílẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì... Òun tí kì í fi ìwé sílẹ̀ ní ṣíṣí. Ó jẹ́ kí n rí i. Lẹ́yìn náà, ó gbé pákó yìí wá bá mi, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì yẹn pẹ̀lú ara gbígbóná, ó ní ṣé kò sí nǹkan tí o fẹ́ bá mi sọ. Mo ní rárá. Ó gba rárá yẹn náà. Ó bá mi gbá ekuru tábìlì.

Kò dá ẹ̀bi yẹn padà sí mi. Kò jẹ́ kó kọjá lọ bá Dókítà, kò jẹ́ kó dé etí Màámi. Gbogbo ẹ̀ wọlé síbẹ̀, kò jáde.

Ibà kọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ti ń ra oògùn ibà. Mo ń ka hóró fún un, méjì láàárọ̀, méjì lálẹ́, mo ń di ife mú sí i lẹ́nu, ó ń wò mí lókè ife yẹn, ó ń gbé e mì. Ó ń gbé e mì nítorí tèmi. Ara ẹ̀gbọ́n mi gbóná, ibà kọ́.

Aago kan kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Iná awò ṣì tàn. Ọ̀kan ló ṣí nínú irinwó, fóònù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, orúkọ ẹ̀ wà lójú fóònù.